Ilẹ̀kùn Àtijọ́ Tó Di Ẹranko Ìṣeré

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Alábẹ̀wò wọ ẹ̀wù funfun, ó fi bébà di ẹ̀bùn kan, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin, ó sì kọjá sí ilé kejì láti lọ kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ẹ kú ewu ọmọ o. Mi ò ra nǹkan kan wá o. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló ṣe é."

Obìnrin náà tú bébà. Ẹyẹ ni, ẹyẹ onígi, ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́rin tó yí ara wọn ká.

"Ó mà dára o, bàbá! Ẹ ṣeun."

"Ibo lo máa gbé e sí?"

"Haa, màá wá ibì kan."

"Òkè ibùsùn ọmọ ló yẹ ẹ́. Màá padà wá wò ó."

Kì í ṣe àwàdà. Ó ń bọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ Alábẹ̀wò, kó mọ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bàbá yóò dé láti wo ibi tí wọ́n gbé e kọ́. Ẹni tó bá jù ú sínú àpótí, ó gbé.

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi bẹ ilé-ìwé wò fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá sì ti fi ọgbọ̀n ọdún fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe ẹlòmíràn, ó máa ń ṣòro fún un láti gbà pé òun náà lè ṣì í. Nígbà tí kò sí ilé-ìwé mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìkòkò ìyàwó rẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ ló pariwo sí ọmọ wọn obìnrin lọ́jọ́ kan pé, "Wá iṣẹ́ fún bàbá rẹ o, kó tó bẹ̀ mí wò dé ibojì!"

Ni ọmọ bá ra ẹ̀rọ ayùn kékeré kan fún un, irú èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré ọwọ́dilẹ̀. Eyín ayùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ó ń lọ sókè sódò bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì lè gé etí ehoro jáde lára pákó láìfọ́ ọ. Kí a má parọ́, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti ń gé ẹranko, ó ń gé ẹyẹ, ó ń gé lẹ́tà orúkọ àwọn ọmọ. Kò sì ta ọ̀kankan. Ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀. Ìyìn nìkan ló ń gbà.

Pákó tuntun kò wù ú. "Pákó tuntun ò ní ìtàn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wó ilé-ìwé àtijọ́ kan tó ti bẹ̀ wò rí, ó ní kí wọ́n kó ilẹ̀kùn àti fèrèsé ibẹ̀ wá fún òun. Láti ọdún gbọ́nhan ni wọ́n ti ń kun ilẹ̀kùn wọ̀nyí: ọ̀dà funfun lókè, búlúù lábẹ́ rẹ̀, pupa lábẹ́ búlúù, yẹ́lò nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá ti gé ẹranko tán, yóò fi sáńpépà ha etí rẹ̀ títí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi yọ bí òṣùmàrè. Ibẹ̀ gan-an ni orí rẹ̀ ti ń wú. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń já àwọn ilẹ̀kùn náà, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó fi èékánná ha ọ̀dà náà wò.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ẹranko ìṣeré ni, fún ọmọ-ọmọ mi."

"Haa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé oró wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ó ní a ò gbọdọ̀ gé e nínú ilé, a ò sì gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan ọmọdé rárá."

"Oró wo? Kí lorúkọ rẹ̀?"

Káfíńtà họ orí. "Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, bàbá."

"Ẹ wá gbọ́ o! Kò mọ orúkọ ẹ̀, ó sì fẹ́ kọ́ mi. Ìwé mélòó lo kà?"

"Ìwé mẹ́fà ni, bàbá. Ṣùgbọ́n láti ogún ọdún tí mo ti ń fi ayùn jẹun, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì pé."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ilẹ̀kùn wọlé.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá nígbà náà, obìnrin, ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ìyá rẹ̀ máa ń fi í sí bó bá lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ló ti mọ̀ ọ́n sọ, bàbá àgbà sì ń kà wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́: màmá, bàbá, omi, wá, gbà, ó tán, rárá, àti "músù" tó ń pe ológbò.

Ọjọ́ tí bàbá parí ẹranko méjìlá, ó kó gbogbo ohun ìṣeré oníke tí ọmọ náà ní, ó dà wọ́n nù.

"Ike! Májèlé ni ike! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ máa jẹ májèlé ni?"

Eyín ń hù lẹ́nu ọmọ náà. Ó gbé erin onígi kan, ó ti ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn erin náà, bọnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un.

"Bàbá ẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ o," ni ìyá àgbà wí.

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ìgbà wo lo ti rí ọmọdé tó mọyì iṣẹ́ ọnà báyìí?"

Yàrá ẹ̀yìn ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn máa ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ náà ni ìyá àgbà máa ń sá aṣọ ọmọ sí. Bàbá a gé, a ha, a fẹnu fẹ́ eruku kúrò lórí tábìlì, a sì fi ìgbálẹ̀ gbá ìyókù láìwọ́n omi sí i. Tí ọmọ bá ké, a sáré lọ gbé e mọ́ra pẹ̀lú eruku dé ìgbọ̀nwọ́.

Nígbà tó pé bí oṣù méjì, ọmọ kò fẹ́ jẹun mọ́.

"Eyín ni," ni ìyá àgbà wí.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó má yàgbẹ́.

"Eyín ni," ni obìnrin ilé kejì wí.

Ojú rẹ̀ funfun. Inú ń bí i, ó ń já irun ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Músù ló kọ́kọ́ lọ. Ológbò á kọjá, ọmọ á kàn máa wò ó. Lẹ́yìn náà "gbà," lẹ́yìn náà "ó tán." Wọ́n ń kúrò lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò tí ilé kò tù lára.

"Bàbá, eyín kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ," ni ìyá ọmọ wí. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Alábẹ̀wò tẹ̀ lé wọn, òun ló sì ń dáhùn gbogbo ìbéèrè.

"Ǹjẹ́ ọ̀dà àtijọ́ ń bó lára ògiri ilé yín?" ni nọ́ọ̀sì bi ìyá ọmọ.

"Rárá o," ni bàbá wí. "Ilé wa mọ́."

"Kí ni ọmọ fi ń ṣeré?"

"Igi. Igi lásán, bí Ọlọ́run ṣe dá a. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é." Ojú rẹ̀ tàn. Bó bá mú ọ̀kan dání ni, ì bá ti yọ ọ́ jáde.

Nọ́ọ̀sì kọ "igi" sílẹ̀. Wọ́n fún ọmọ ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bàbá kò parọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Wọn kò dúró pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ, ojú ọmọ yí sókè, ara rẹ̀ le gbagidi, ìfófòó yọ lẹ́nu rẹ̀. Gìrì. Ìyá àgbà figbe bọnu. Wọ́n gbé e sáré dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èsì sì jáde: òjé ló kún inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Òjé yìí náà ni irin rírọ̀ tó wúwo tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Kò ní iṣẹ́ kankan nínú ara ènìyàn.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tó ti bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbọ́ èsì náà, ó sì wá sílé fúnra rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo ìkòkò, ó wo kànga omi. Lẹ́yìn náà ó ṣí yàrá ẹ̀yìn. Ó fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ fèrèsé, aṣọ náà dúdú.

"Ta ló ń sá aṣọ ọmọ síbí?"

"Èmi ni," ni ìyá àgbà wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó mú erin nílẹ̀. Ọmọ ti jẹ ọwọ́jà erin náà dé ibi tí ọ̀dà yẹ́lò wà. Ojú eyín kéékèèké hàn lára rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi pé igi ni."

"Igi ni."

"Kí ló wà lára igi?"

Nọ́ọ̀sì fi ìka kan ọ̀dà yẹ́lò náà.

"Láyé àtijọ́, òjé ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè dán, kó sì lálòpẹ́. Bí ẹ ṣe ń gé e, tí ẹ ń ha á, ẹ sọ ọ́ di eruku. Ọmọ ń mí i sínú, ó wà lára aṣọ rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ yín tí ẹ fi ń gbé e. Ó sì máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ọmọ ò fi jù ú sílẹ̀."

Ìyá ọmọ jókòó sórí ilẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa padà?"

"Mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Oògùn á fa púpọ̀ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti bà jẹ́ ní ọpọlọ, oògùn kì í tún un ṣe."

Ìyá ọmọ yíjú sí bàbá rẹ̀. "Káfíńtà sọ fún yín, bàbá. Èmi náà gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́."

"Kò mọ orúkọ ẹ̀ ni," ni bàbá wí. Bó ti sọ ọ́ tán, òun náà gbọ́ ohun tó sọ.

Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó jókòó ti ẹkún. "Ilé mélòó lẹ fún ní irú ẹ̀?"

"Mọ́kàndínlógún. Ọmọ kékeré wà ní méje níbẹ̀."

"Ẹ dìde, ẹ lọ gbà wọ́n padà. Lónìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹlòmíràn ò lè bá mi lọ sọ ọ́? Ojú ń tì mí."

"Ojú títì kì í pa ọmọ, bàbá. Òjé ló ń pa ọmọ."

Ó lọ. Ilé kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ wà lókè ibùsùn ọmọ bó ṣe pàṣẹ, eruku ọ̀dà sì wà lórí ìrọ̀rí. Ní ilé kan, bàálé fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀bùn lẹ tún ń gbà padà? Ẹ ti dàgbà jù." Ó ṣàlàyé títí ẹnu ọkùnrin náà fi pa mọ́. Ní ilé mìíràn, ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ má bínú o. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fún wa ni mo ti jù ú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. A ò lò ó rí."

"Ọmọ mi, o ṣeun," ni Alábẹ̀wò wí. "O ṣeun gan-an." Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ méjèèje wò. Òjé wà lára méjì. Wọ́n tètè mọ̀, ara wọn ń yá.

Ọmọ-ọmọ Alábẹ̀wò ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ó ń rìn, ó ń jẹun, gìrì kò tún gbé e. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó máa ń fa aṣọ bàbá àgbà, á sì nawọ́ sí ife. Bàbá á bẹ̀ ẹ́ pé, "Omi. Sọ ọ́, ọmọ mi. Omi." Ọmọ á wò ó lẹ́nu, á tún nawọ́ sí ife.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín ṣe ẹ̀bùn, a kò ní kí ẹ dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pákó tó ti ní ọ̀dà àtijọ́ lára ṣe ohun ìṣeré, bó ti wù kó rẹwà tó. Pákó tuntun tí a kò kùn ni kí ẹ lò fún ọmọdé, kì í sì í ṣe pákó àpótí ẹrù tí ẹ kò mọ oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Eruku pákó èyíkéyìí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró: ẹ bo imú, ẹ ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà sí ọmọ àti sí aṣọ ọmọ, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ, ẹ wẹwọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín ní ohun tó wà nílé, ẹ sọ ọ́ tán, títí kan ohun tí ẹ fi ń yangàn.

Bí ọmọ yín bá ti lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lónìí, kódà bó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má dúró de ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Òjé kì í mú ara gbóná. Ó máa ń rọra ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni, láìpariwo.