Ọwọ́mitó àti Atẹ́gùn Inú Pọ́ǹpù

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọwọ́mitó. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá sọ ọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun bá a di nǹkan mú, yóò ní, "Fi sílẹ̀, ọwọ́ mi tó mi." Nígbà tó yá, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí gíríìsì ṣe ń lẹ̀ mọ́ èékánná.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ nìkan ló máa ń kúnlẹ̀ sí. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é sí àdúrà òwúrọ̀, yóò gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, yóò ní, "Màámi, ẹ bá mi kí Ọlọ́run." Ìyá náà á mi orí, á sì dá nìkan gbàdúrà.

Ọkọ̀ tirẹ̀ ti gbó. Pọ́ǹpù bíréèkì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì, ń jò. Iná ìkìlọ̀ tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ni ọ̀gá wa ṣe? Ó yọ gílóòbù iná náà. Láràárọ̀ ló ń bu ọ́ìlì bíréèkì sí i dípò èyí tó jò dànù, tó sì ń wa ọkọ̀ lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ̀ ló ń kùn. Onígbàgbọ́ ni. Òun ló rí ibi tó ń jò, nítorí ọ́ìlì bíréèkì a máa jẹ ọ̀dà. Ó ní ara ọkọ̀ ti ń bó lábẹ́ pọ́ǹpù, àti pé ohun tí a bá fi pamọ́ ni yóò jẹ wá tán. Ọwọ́mitó ní láti ìgbà wo ni búrọ́ọ̀ṣì ti ń kọ́ sípánà níṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó wá pọ́ǹpù mìíràn, ó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí a bá pààrọ̀ pọ́ǹpù, atẹ́gùn á kó sínú rẹ̀, dandan sì ni kí a lé e jáde. Ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan á jókòó tẹ bíréèkì, ìkejì á wà nídìí táyà, á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí atẹ́gùn lè jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́dà ní òun yóò bá a jókòó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́mitó gé igi kan, ó fi orí kan ti bíréèkì mọ́lẹ̀, ó fi orí kejì ti àga.

"Igi yìí sàn jù ọ́ lọ," ló wí. "Kì í wàásù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọlọ́dà ní, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó pe ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, nítorí atẹ́gùn kan máa ń há sí kọ̀rọ̀ pọ́ǹpù, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló sì lè ṣí ibẹ̀ láti inú. Ọwọ́mitó ní ọwọ́ òun ni kọ̀ǹpútà òun. Ó tẹ bíréèkì, ó le koko. Ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ já sójú ọ̀nà. Ó tẹ bíréèkì lójijì. Pọ́ǹpù gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn tó há tú jáde, bíréèkì sì rọ̀ wọlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó kàn ń ké ni. Kẹ̀kẹ́ ti kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń lọ.

"Ọmọ mi, dúró," ni ìyá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

"Màámi, mi ò lè dúró."

Ògiri ló dá wọn dúró.

Òun bọ́ pẹ̀lú ara bíbó díẹ̀. Eegun ìbàdí ìyá rẹ̀ ṣẹ́, ó fi orí gbá, ó sì dákú lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọwọ́mitó fi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì tí yóò tú, kò sí èyí tí yóò dè. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́ yí ìyá náà padà, yóò dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ní kó jókòó. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, tí ó ti yọ gílóòbù tirẹ̀ náà tipẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Irọ́ tó ti pa fún oníbàárà, àbúrò tó bú títí tó fi kúrò nílé, àdúrà ìyá tó ń fi ṣẹ̀sín, gbogbo rẹ̀ tò síwájú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ọlọ́dà wọlé, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́mitó bi í léèrè pé ṣé kò ní wàásù ni.

"Igi ni mo wá ṣe lónìí," ni Ọlọ́dà fèsì.

Ọwọ́mitó bú sẹ́kún. "Mo ṣáà pààrọ̀ pọ́ǹpù náà. Kí ló tún kù?"

"O pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Atẹ́gùn tó há sínú ni ọwọ́ rẹ kò dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rí. A lè pààrọ̀ ìwà lóde, ṣùgbọ́n Jésù nìkan ló ń wọ inú. Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ inú ibẹ̀ ló ṣe kú."

Mẹkáníìkì náà kúnlẹ̀ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. "Olúwa," ló wí, "ọwọ́ mi kò tó." Kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Èyí náà tó.

Kó tó dìde, ìyá rẹ̀ la ojú. Ó béèrè lóhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ta ló ń sunkún lẹ́sẹ̀ òun.

"Èmi ni, Màámi. Mo wá kí Ọlọ́run fúnra mi."

Ìyá náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí di òní. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e láràárọ̀ lọ síbi àdúrà, kò sì sí àárọ̀ tí ohun tó ṣe kì í dùn ún. Ọlọ́run dárí jì í, ṣùgbọ́n eegun tó ṣẹ́ ti ṣẹ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, iná wo ni ìwọ ti yọ gílóòbù rẹ̀? Bíréèkì rẹ lè le koko lónìí, ojú ọ̀nà sì lè tẹ́jú. Ṣé o mọ ohun tó há sínú rẹ? Má ṣe dúró de ògiri. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí kẹ̀kẹ́ tó já sójú ọ̀nà, sọ fún Jésù pé ọwọ́ rẹ kò tó. Tirẹ̀ tó.