Ta Ló Ń Tẹ̀wé Nínú Yàrá Bàbá?

Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ti inú yàrá tí wọ́n tì pa jáde: kẹ, kẹ, kẹkẹkẹ. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan wúkọ́. Àwọn àlejò tó wá wo ilé òǹkọ̀wé ńlá tó ti dolóògbé náà lẹ̀ mọ́ra wọn lójú àtẹ̀gùn.

"Ẹ rọra o," ni alámòójútó ilé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tìtorí ọ̀rọ̀ yìí, tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Rọra. "Bàbá ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn yìí, ohun tójú ẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn."

Gbogbo wọn sá sọ̀kalẹ̀ àfi obìnrin kan. Ọmọ òǹkọ̀wé náà ni. Ìlú òkèèrè ló ń gbé látìgbà tí wọ́n ti sọ ilé wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Rọra ò sì mọ̀ ọ́n rí. Omijé lé sójú obìnrin náà. Lóòótọ́, àwòrán bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn nìkan ni Bàbá fọwọ́ kàn án. Gègé ni Bàbá fi ń kọ. Ìyá obìnrin yìí ló ń bá a tẹ̀ ẹ́, títí ìka rẹ̀ á fi wú. Ìyá náà ti kú.

"Màámi?" ló pè lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ikọ́ ọkùnrin ló dáhùn. Kẹ, kẹkẹ. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ṣé òkú ń kọ́ṣẹ́ tuntun ni? Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tẹ̀lé àwọn àlejò wọlé. Bí ariwo náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bọ́ síwájú.

"Ṣílẹ̀kùn."

"Bàbá á bínú o."

"Èmi gan-an ti ń bínú. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ mú un wá."

Ó lọ, kò padà. Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó de fìlà, ó sì wọ àárín àwọn àlejò tó ń jáde. Ọlọ́pàá tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi sẹ́nu géètì ò mọ ojú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó jáde ni ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ rọra o!" ló ké.

Gbogbo ojú yí sí i. Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọwọ́ pálábá Rọra ségi.

Wọ́n mú un padà sókè, wọ́n já ilẹ̀kùn. Yàrá ṣófo, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń pariwo nílẹ̀.

"Ẹ̀rọ dà?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi Rọra.

"Iwin ló gbé e."

"Iwin náà á bá ẹ sùn látìmọ́lé."

"Ó wà nílé àna mi! Mo ti ta tábìlì àti àga. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ni ò tíì dé."

"Ikọ́ ta ni?"

"Ikọ́ mi ni, ọ̀gá."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àna rẹ̀ ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà jáde. Obìnrin náà fi aṣọ rẹ̀ nù ún, inú rẹ̀ dùn dénú, ó ní orúkọ ìyá òun ni kí wọ́n kọ sí i. Àfi bó ṣe bú sẹ́kún.

"Ìyáàfin, a ti rí i gbà. Kí lẹ tún ń sunkún sí?"

"Mo mọ̀ pé olè ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe ìyá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, mo ti gbà pé ó máa dá mi lóhùn."