Epo Làpálàpá

Bàtà ni obìnrin kan kọ́kọ́ rí. Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ ló sùn sí, tó ń di nọ́ọ̀tì, nígbà tí bàtà mímọ́ kan rọra wọlé, tó lọ tẹ epo dúdú tó dà sílẹ̀.

Ó yọ orí jáde. Ọkùnrin kan ló dúró níbẹ̀, tó gbá kẹ́ẹ̀gì epo kan mọ́ra bí ọmọ tuntun. Ó ní èso làpálàpá tí ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ lòun fún epo náà lára rẹ̀, àti pé ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì lè mu ún. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ ní Làpálàpá. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ epo di àwáwí lásán tó fi ń wá síbẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn dénú.

Ṣùgbọ́n bàbá obìnrin náà ni gbogbo ọlọ́kọ̀ ń wò. Ohun tó bá rà ni wọ́n ń rà. Bí kò bá gba epo yìí, ilé iṣẹ́ Làpálàpá á kógbá sílé.

Bàbá ní, "Ọ̀la, èmi fúnra mi á wọ ọkọ̀ mi pẹ̀lú epo rẹ nínú rẹ̀. Tó bá gun òkè, mo ra epo náà, kí ìwọ náà kó àwọn ẹbí rẹ wá. Tó bá kú lọ́nà, gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ, kí o gbójú kúrò lára ọmọ mi."

Làpálàpá bẹ obìnrin náà pé kó fọ táǹkì, kó sì pààrọ̀ asẹ́ epo, torí epo òun máa ń ṣí ìdọ̀tí àtijọ́ nídìí. Ó gbà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jókòó ti táǹkì ọ̀hún, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, títí bàbá fi pè é wọlé. Láàárọ̀, ìkánjú ni wọ́n fi da epo sí i.

Ní ìdajì òkè, ọkọ̀ wúkọ́, ó sì kú.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀. Làpálàpá wo obìnrin náà lójú, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Epo mi ni kò dára."

Bí obìnrin náà bá dákẹ́, bàbá ò ní mọ̀ láéláé. Inú bí i sí irọ́ náà, ó sì tún fẹ́ràn ẹni tó pa á ju ti àná lọ. Ó tú asẹ́, ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa, bàbá. Ó ní kí n fọ táǹkì. Èmi ni mi ò fọ̀ ọ́."

"Kí ló dí ọ lọ́wọ́?"

"Òun náà ni."

Asẹ́ tuntun ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ obìnrin náà, ó fi í sí i. Ẹ́ńjìnnì kọ̀, ó tún kọ̀, ó wá ké. Ó gbé wọn dórí òkè.

"Ìwọ," bàbá kọjú sí Làpálàpá, "mi ò rí ọlọ́jà tó ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ rí. O ò lè dá ọjà yìí tà."

Làpálàpá tẹrí ba. "Ṣé ẹ ò ní rà á, sà?"

"Mo ní kí o kó àwọn ẹbí rẹ wá. Kí wọ́n má wulẹ̀ ra nǹkan kan dání. Epo ni kí wọ́n gbé wá, kí ó pọ̀. Ọkọ̀ mi ò kéré."