Ó Ń Gbèjà Jésù, Kò sì Mọ̀ Ọ́n

Ọtí kò kan ẹnu Thayne Stucki rí. Kò mu sìgá, kò mu kọfí tí ìjọ rẹ̀ kà léèwọ̀, kò sì bojú wo obìnrin mìíràn lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ìwọ kò ní bá a lórí ìjókòó kejì ní ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì tó wà ládùúgbò wọn ní ìlú Orem, ní Amẹ́ríkà. Bí o bá rí i nínú kóòtù dúdú rẹ̀, wàá ní ẹni mímọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń rùn.

Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Asà Òtítọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé tako ìgbàgbọ́ àwọn Mọ́mọ́nì, àwọn ni wọ́n ń kọ̀wé dá a lóhùn. Bàbá kan tó ń jẹ́ Verl Haslem ló dá a sílẹ̀, Thayne sì ni igbákejì rẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Verl ló kọ́ ọ ní ìwé kíkọ, òun náà ló bá a wá ilé tó ń gbé.

Owó ẹgbẹ́ náà kò ti ọ̀dọ̀ ìjọ wá. Garth Pomeroy ló ń gbé e kalẹ̀, ọlọ́rọ̀ kan tó fi oògùn amáralókun là. Garth kò fẹ́ràn ìwé pẹ̀lẹ́. Kí wọ́n ya alátakò sí wẹ́wẹ́, kí òun máa kà á, kí òun máa rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mọ́ ọn.

Lọ́dún kan, Verl ní kí ẹgbẹ́ náà jáwọ́ nínú èébú. Ó ní, "Àwọn ọmọ wa ń béèrè ọ̀rọ̀, èébú la fi ń dá wọn lóhùn." Inú Thayne dùn nígbà tó gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó fara mọ́ ọn o. Ó rí ọ̀nà tí yóò gbà dé orí àga ni.

Kí ló ṣe? Ó ń rí mi lára láti kọ ọ́. Ọmọkùnrin Verl ti fi ìjọ sílẹ̀, bàbá náà sì ti sunkún lójú Thayne pé, "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọmọ yẹn mọ́." Thayne mú omijé arúgbó yìí, ó sọ ọ́ di ẹ̀sùn. Ó kọ ogójì ojú ìwé ní ìkọ̀kọ̀, ó ní Verl fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó gbà gbọ́ mọ́. Ó gbé e lọ fún Garth.

Garth kà á, ó lu tábìlì. "Ìjà ni mò ń sanwó fún, bàbá yìí wá ń fún mi ní omi ṣúgà! Ìwọ, ṣé wàá lè jà?"

"Bí ẹ bá fún mi láyè, sà."

"Gba àga. Ṣùgbọ́n má gbàgbé ẹni tó gbé ọ jókòó."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kọ́kọ́rọ́ Verl kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n ti di àwọn ìwé rẹ̀ sínú páálí, wọ́n tò wọ́n sórí koríko níta, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí koríko sì ti fọ́n omi sí wọn títí wọ́n fi rin gbindingbindin. Thayne ń wò ó lójú fèrèsé bó ti ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ̀kalẹ̀.

Kò pẹ́ tí Garth fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrè owó rẹ̀. Opó kan nínú ìjọ, Marlene Oveson, kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé oògùn Garth ló dá ìyá òun dùbúlẹ̀, pé kí wọ́n dá owó òun padà. Garth pe Thayne.

"Kọ ọ́ pé ọ̀tá ìgbàgbọ́ ni."

"Sà, ọ̀rọ̀ oògùn lobìnrin yìí ń sọ. Kò mẹ́nu ba ìgbàgbọ́ rárá."

"Owó ta lẹ fi ń ṣiṣẹ́ Olúwa níbẹ̀ yẹn? Ẹni tó bà mí lórúkọ jẹ́, iṣẹ́ Olúwa ló bà jẹ́. Kọ ọ́!"

Thayne kọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Garth pe gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà wá jẹun ọ̀sán nílé rẹ̀, ó ní kí Thayne dìde ka ìwé náà sí wọn létí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹran àti ọ̀dùnkún kún ẹnu wọn, bọ́tà ń yọ̀ létè wọn. Bó ti ń kà á lọ, ọwọ́ kan nà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, Arákùnrin Stucki, ẹ jẹ́ kí n gbé àwo yín."

Marlene ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se oúnjẹ òde ló ti ń ṣiṣẹ́.

Thayne dáwọ́ ìwé kíkà dúró. Garth ṣẹ́jú sí i. "Èmi ni mo ní kí wọ́n rán òun gan-an wá. Kà á lọ jàre, ibi tó dùn la dé!"

O rò pé ó pa ìwé náà dé? Rárá o. Ó kà á dé ìparí. Obìnrin náà ń kó àwo wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Thayne jáde, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló ti bì. Ó bì títí kò fi sí nǹkan mọ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀gbin náà kò jáde. Kò mọ bó ṣe wakọ̀ dé ọgbà Verl, níbi tí bàbá náà ti ń la omi sí ìdí àwọn igi eléso rẹ̀.

"Kí lo tún wá mú?" ni Verl bi í.

"Arákùnrin Haslem, ẹ wò mí. Ẹlẹ́gbin ni mí." Ó ka gbogbo rẹ̀ fún un, ogójì ojú ìwé, ọ̀rọ̀ opó, ẹ̀rín ìdí tábìlì.

Verl fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo bínú sí ọ débi pé mo gbàdúrà kí eyín rẹ jẹrà. Èmi náà ti ń tọrọ ìdáríjì lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè kan. Ogún ọdún lo ti ń gbèjà Jésù. Ìgbà wo lo bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́?"

Thayne ní òun kò rántí.

"Kò bẹ̀ ọ́ pé kó o gba òun sílẹ̀," ni Verl wí. "Òun ló kú kó lè gbà ọ́. Bá a sọ̀rọ̀."

Thayne kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kóòtù dúdú rẹ̀. "Jésù, orúkọ rẹ ni mo fi ń jẹun, mi ò sì mọ̀ ọ́. Wẹ̀ mí." Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Arúgbó náà kúnlẹ̀ tì í.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Marlene, ó jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun kọ nípa rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ìlàjì ilẹ̀kùn lobìnrin náà ṣí. "Mo gbọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí gbogbo ayé kà á." Thayne kọ ọ́, ó fi ohun tó ṣe sí Verl kún un. Garth fa owó rẹ̀ yọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí oṣù tó parí, àwọn tó jọ rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì ti ń fa ara wọn láṣọ ya lórí orúkọ ẹgbẹ́ náà àti àga ọ́fíìsì rẹ̀, bí ajá lórí egungun. Asà Òtítọ́ fọ́.

Páìpù omi ni Thayne ń tà báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Spanish Fork. Àwọn kan kò kí i mọ́. Marlene ń kí i, kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó sì ń gbàdúrà, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì sí i mọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Bóyá o kì í mutí. Bóyá o wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, tàbí o ń darí ẹgbẹ́ akọrin, tàbí ìwọ lò ń pín owó ilé Ọlọ́run. Ta lo ti tì kúrò lórí àga rẹ̀ ní orúkọ Olúwa? Àṣírí ta lo gbé lọ fún olówó? O lè fi lọ́fínńdà bò ó lójú èèyàn, Jésù ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ, kò sì di imú sá fún ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lágbára láti wẹ ohun tí o kò lè dárúkọ fún ìyàwó rẹ. Má ṣe sọ pé ó di ọjọ́ Ìsinmi. Fi ìwé yìí sílẹ̀ nísinsìnyí, kó o sì sọ òtítọ́ fún Jésù.