Bíréèkì Olùkọ́

Gbòà! Gbòà!

Ìbọn ń dún níwájú báńkì. Àwọn ọlọ́ṣà ti kówó tán, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti yìnbọn pa awakọ̀ wọn. Ni àwọn méjì tó ṣẹ́ kù bá já wọ ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń kọ́ni ní mọ́tò wíwà lójú ọ̀nà.

Aránṣọ kan ló ń kọ́ mọ́tò níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń kọ́ ọ.

Wọ́n ti ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn, ọ̀kan fi ẹnu ìbọn kàn án lọ́rùn. Ọ̀gá wọn, Ìbọn-ò-ràn, jókòó sí àyè olùkọ́.

"Àǹtí, tẹ iná! Tí mọ́tò yìí bá kú, ẹ̀gbọ́n ẹ náà kú nìyẹn!"

"Tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀," ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ki jíà kìn-ín-ní. Fún un níná díẹ̀. Rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀."

Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀... pàú! Mọ́tò kú!

Ó tún un ṣe. Pàú!

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kí ló tún ṣì ṣe?

Ó wolẹ̀, ó rí bàtà ńlá ọ̀gá. Bíréèkì olùkọ́ ló gbẹ́sẹ̀ lé! Wọ́n fi bíréèkì kejì síbẹ̀ kí olùkọ́ lè dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Ọ̀gbẹ́ni yìí rò pé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ni!

Bí ó bá sọ, mọ́tò á gbéra, wọ́n á sì lọ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú igbó. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á pa á síbí. Ọ̀rọ̀ wá di ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí, iwájú ò ṣeé lọ.

Wíììù! Wíììù! Ọlọ́pàá ń bọ̀!

"Ìbọn wọn ò lè ràn mí," ọ̀gá jágbe, "àmọ́ tèmi á ran ẹ̀gbọ́n ẹ! Ení! Èjì!"

Ọ̀gá ká ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó yíjú wẹ̀yìn.

Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ ló máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Aránṣọ ti rí i lára ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó tún ṣíná mọ́tò, ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó tẹ iná, ó kọjú mọ́tò sí ògiri tó wà níwájú. Fùúùù!

"Ògiri! Ògiri!" Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ọ̀gá fi tẹ ilẹ̀, àfi lórí bíréèkì olùkọ́!

Kìììì! Gbàgà!

Iwájú orí rẹ̀ fọ́ gíláàsì. Oògùn ìbọn ló jẹ, kò jẹ ti gíláàsì. Ìjókòó gbá èkejì lẹ́nu, ìbọn rẹ̀ sì ké: gbòà!

Ọlọ́pàá ya bo mọ́tò, wọ́n wọ́ àwọn méjèèjì jáde.

Aránṣọ kò lè wẹ̀yìn. Ẹ̀rù ń bà á pé òun ti pa ọmọ ìyá òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó tún pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!"

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn.

"Àbúrò," ẹ̀gbọ́n wí, ó ń wo ihò ìbọn lára òrùlé mọ́tò, "fa bíréèkì ọwọ́."