Nígbà Tí Àwọn Òròmọdìyẹ Dákẹ́

"Màámi, kí ló dé tí ẹ kì í tan rédíò yìí?"

Ìyá rẹ̀ ló ń wakọ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn, ó sì fi orí tì sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí àti ibi tí ẹrù wà. Ṣíṣí ló máa ń wà nígbà gbogbo, ibẹ̀ sì ni ohùn àwọn òròmọdìyẹ ti ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mo ń gbọ́ rédíò tèmi," ìyá rẹ̀ sọ.

"Èwo nìyẹn?"

"Ìwọ ṣáà máa fetí sílẹ̀. Wàá gbọ́ ọ."

Kílódé ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọbìnrin náà, ìbéèrè ló sì fi gba orúkọ yẹn. Bí o bá ní òjò ń rọ̀, á bi ọ́ pé kí ló dé tí kò rọ̀ lánàá. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde, ó ń retí èsì. Ó ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ jáde lójoojúmọ́ kó lè mọ iṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin dípò adìyẹ ni ìyá rẹ̀ ń wakọ̀ fún. Bí òròmọdìyẹ bá ti jáde nínú ẹyin, wọ́n á kó wọn sínú páálí onírọ́bà tó níhò lára, ọkọ̀ á sì gbé wọn lọ fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Wọn ò tíì jẹ, wọn ò sì tíì mu. Atẹ́gùn nìkan ni wọn ò lè ṣe aláìní lójú ọ̀nà. Iwájú ọkọ̀ ni atẹ́gùn náà ń gbà wọlé, á gba fèrèsé kékeré yẹn, á gba àárín àwọn páálí kọjá, á sì bá ihò ẹ̀yìn jáde. Èyí ti mọ́ ìyá Kílódé lára débi pé kò wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kóun sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, ara ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ kò yá. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí ìyá Kílódé gba ọkọ̀ ẹni náà, ìyá náà sì ní ọmọ òun lè wa tòun. Ọ̀gá wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

"Bó bá gbé ẹrù yìí débẹ̀ láyọ̀, ọkọ̀ náà di tirẹ̀ títí èsì ìdánwò á fi jáde," ó ní. "Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó má tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mi mọ́. Ìwọ ìyá rẹ̀ lo dúró fún un o."

Kò sí ohun tí Kílódé ń fẹ́ nígbà yẹn tó kọjá kọ́kọ́rọ́ náà. Ó dì í mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rọra wa ọkọ̀ o," ìyá rẹ̀ sọ. "Má bá ẹnikẹ́ni sáré. Má sì pẹ́ níbikíbi."

Kò dárúkọ fèrèsé, nítorí ta ló máa ń kìlọ̀ fún èèyàn pé kó má gbàgbé láti mí?

Kílódé rọra wakọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúrò láàárín ìgboro, tí ọ̀nà wá gún gbọọrọ níwájú rẹ̀, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ètò tó fẹ́ràn jù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn olùgbọ́ fi ń pe fóònù wọlé láti béèrè ìdí gbogbo nǹkan tó bá rú wọn lójú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé díẹ̀ lòun máa gbọ́, ó sì tan rédíò.

Ariwo àwọn òròmọdìyẹ kò jẹ́ kó gbọ́ atọ́kùn ètò dáadáa. Ó yí ohùn rédíò sókè, síbẹ̀ wọn ò gbà fún un. Ló bá nawọ́ sẹ́yìn, ó ti fèrèsé náà pa.

Ayé wá dùn. Atọ́kùn sọ̀rọ̀, wọ́n fi orin sí i, Kílódé ń bá wọn kọ ọ́, oòrùn sì ń gòkè. Lẹ́yìn orin bíi mélòó kan, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹ̀yìn ti dákẹ́. Ó pa rédíò kó lè gbọ́ dáadáa, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún tàn án, wọ́n ṣì dákẹ́.

"Àbí orin ló mú wọn sùn?" ó bi ara rẹ̀.

Ẹni tó bá farabalẹ̀ á ti rí i pé ohun tó ṣe yẹn kò fi hàn pé orin ni. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti dùn mọ́ wa nínú, a kì í fẹ́ yí i wo lẹ́yìn. Kílódé gbà pé òun ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ó páàkì ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fa fóònù yọ, ó sì ń pe ètò náà títí tí wọ́n fi gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, ta la ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Awakọ̀ ni mí." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. "Òròmọdìyẹ ni mo gbé. Mo fẹ́ mọ ohun tó dé tí orin fi máa ń mú wọn sùn."

Atọ́kùn rẹ́rìn-ín. "A ò gbọ́ irú eléyìí rí o. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé orin ni?"

"Wọ́n ń pariwo tẹ́lẹ̀, sà. Nígbà tí mo tan rédíò, wọ́n dákẹ́."

"Ṣé kò sí nǹkan míì tẹ́ ẹ ṣe nígbà yẹn?"

"Rárá, sà. Fèrèsé tó wà láàárín nìkan ni mo tì, kí n lè gbọ́ yín."

Ẹ̀rín kúrò lóhùn atọ́kùn.

"Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn wò?"

Kílódé ju fóònù sórí ìjókòó, ó sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni ooru rọ́ lù ú lójú. Àwọn òròmọdìyẹ kò sùn. Wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n na ìyẹ́ wọn gbalaja, wọ́n ń mí gúlegúle. Àwọn mìíràn ò mí mọ́ rárá. Ẹ̀rù ba Kílódé. Ó gbé àwọn páálí náà sábẹ́ ìbòji ògiri kan níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ìdérí fẹ́ wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ èèyàn. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn gbé orí sókè. Ó ṣa àwọn tó ti kú sínú ọ̀rá kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó ń kó wọn padà ni èrò mìíràn wọlé. Ilé iṣẹ́ máa ń fi òròmọdìyẹ díẹ̀ ṣe èènì sínú páálí kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó lè kú lọ́nà. Ó ka àwọn tó kù, iye wọn ṣì pé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá ti lè ju ọ̀rá yẹn sígbó, kọ́kọ́rọ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Kò jù ú, ṣùgbọ́n ó tì í sábẹ́ ìjókòó, ó sì wakọ̀ lọ pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí.

Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló ń retí àwọn òròmọdìyẹ náà. Àrùn ti pa gbogbo adìyẹ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa tún dán an wò. Ó ti gbá ilé wọn mọ́ tónítóní, ó ti tan iná tó máa mú wọn móoru, ó sì ti bu oúnjẹ sílẹ̀. Ó gba páálí àkọ́kọ́, ó gbé etí lé e, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n mà dákẹ́ jẹ́jẹ́ o," ó ní. "Ara wọn ti balẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi, o tọ́jú wọn."

Ọ̀rọ̀ náà gún Kílódé láyà. Àṣìṣe tí òun ṣe lójú ọ̀nà gẹ́lẹ́ ni ìyá yìí ń ṣe lójú òun yìí, bí òun bá sì dákẹ́, àwọn òròmọdìyẹ yẹn ló máa jìyà rẹ̀.

"Mọ́mì, ara wọn ò balẹ̀," ó sọ. "Ooru ló mú wọn. Èmi ni mo dí ọ̀nà atẹ́gùn wọn nítorí pé mo fẹ́ gbọ́ rédíò. Àwọn kan ti kú. Wọ́n wà lábẹ́ ìjókòó mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá náà.

"Nítorí rédíò," ó sọ kẹ́lẹ́. Ì bá gbá Kílódé létí, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ìyá yìí ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ó dáa. Pa iná yẹn. Gbé oúnjẹ yẹn kúrò ńlẹ̀, omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mu. Jókòó síbí, kó o máa ti ẹnu wọn bọ omi níkọ̀ọ̀kan."

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó ṣe tán. Ìyá náà sìn ín dé ìdí ọkọ̀.

"Ká ní o dákẹ́, ooru iná tí mo tàn yẹn ni ì bá parí iṣẹ́ tí ìwọ bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Inú ṣì ń bí mi sí ọ o. Mo kàn ní kó o mọ̀ ni."

Kílódé fẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún ọ̀gá. Ọ̀gá ò pariwo, ọwọ́ ló nà, Kílódé sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ dúró níbẹ̀, kò bá a bẹ̀bẹ̀. Ó di ọ̀nà ilé kó tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló ní kó o sọ fún ìyá yẹn?"

"Kò sẹ́ni, Màámi."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ohun tí fèrèsé yẹn wà fún?"

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Mo jẹ̀bi níbẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára, mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara tù wọ́n. Bí wọ́n bá ń ké tantan, nǹkan ń ṣe wọ́n, bóyá òtútù. Bí wọ́n bá dákẹ́ lójijì, páàkì kó o ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, o bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, o wá pe fóònù orí rédíò kó o tó wo ẹ̀yìn ara rẹ."

Òótọ́ ló sọ. Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, orin ò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí nǹkan gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò ó kó tó gba èyí tó dùn mọ́ ọn gbọ́. Bí èèyàn bá sì ti ṣe àṣìṣe, kó yáa sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kílódé ń fọ páálí lẹ́yìn ilé iṣẹ́, iṣẹ́ tí ọ̀gá fún un dípò ọkọ̀, nígbà tí fóònù ọ̀gá dún. Ìyá nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀gá yí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ.

"Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn," ìyá náà ní, "pé ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí àwọn òròmọdìyẹ yìí ń sọ ò jẹ́ kí n fojú ba oorun."

Ọ̀gá rò pé ẹjọ́ ló ń rò, ó ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kílódé jókòó sórí páálí tútù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.