Amọ̀ Kennington

Ẹrẹ̀ ni Nímọ́tà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó gbé e wọlé. Ọkùnrin gíga kan fi èjìká ti ilẹ̀kùn lábù, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó gbé páìpù irin kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

"Sister, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n gbé e sí? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ mì."

"Ìwọ gan-an lò ń mì yẹn," Nímọ́tà fèsì. "Gbé e síbí kó tó já bọ́."

Roqeeb lorúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ni níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ kòtò ńlá fún ilé alájà méje ní Kennington, nílùú Òyìnbó. Amọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ló wà nínú páìpù náà. Iṣẹ́ Nímọ́tà, nínú lábù kékeré kan ní Peckham, ni kó fi ẹ̀rọ tẹ irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi fọ́, kí wọ́n lè mọ bó ṣe lágbára tó.

Awakọ̀ ló yẹ kó máa gbé amọ̀ wá, àmọ́ láti ọjọ́ náà Roqeeb fúnra rẹ̀ ló ń gbé e, pẹ̀lú ẹ̀wà àti dòdò gbígbóná láti Rye Lane.

"Amọ̀ lo bá wá ni, àbí ẹ̀wà?"

"Ìwọ ni mo bá wá. Àwọn méjèèjì kàn sìn mí dé ibí ni."

Ara Nímọ́tà kò balẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń retí rẹ̀, á wo fèrèsé, á wo fóònù, á tún ìbòrí orí rẹ̀ wé, á tún un tú.

Àwọn ègé amọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kò nípọn ju àtàǹpàkò méjì lọ, wọ́n sì le koko. Roqeeb fi èsì náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé làwọn òṣìṣẹ́ máa wọ kòtò kékeré tí wọ́n ti gbẹ́ láti fi dán ilẹ̀ wò, kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀, bí Nímọ́tà ṣe ń gé amọ̀, ó kíyè sí àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń dán nínú rẹ̀. Ibikíbi tí ìlà bá wà, ègé náà á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun á sì dà á nù. Ìgbà náà ló yé e. Èyí tí kò sán nìkan ló ń dé inú ẹ̀rọ! Àfi kó tẹ ègé ńlá, tó tóbi bí agolo mílíìkì, tí àwọn ìlà náà wà nínú rẹ̀.

Ó pe Roqeeb. "Èsì yẹn ń tàn wá jẹ o."

"Nímọ́, mo ti fi ránṣẹ́. Tí mo bá ní kí wọ́n dúró báyìí, wọ́n máa lé mi ni."

"Tí wọn ò bá dúró ńkọ́? Àwọn tó máa wà nínú kòtò ńkọ́?"

"O ò kàn fọkàn tán mi ni."

"Amọ̀ yẹn ni mi ò fọkàn tán!"

Roqeeb pa fóònù.

Nímọ́tà fi odindi ọjọ́ méjì tẹ àwọn ègé ńlá. Gbogbo wọn ló tètè fọ́. Agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ìdajì ti àwọn kékeré. Ó fi èsì ránṣẹ́ sí Roqeeb. Ó rí i lórí fóònù pé Roqeeb ti kà á, àmọ́ kò fèsì.

Lọ́jọ́ Àìkú Nímọ́tà kàn fẹsẹ̀ rìn dé Deptford lásán, ó tún rìn padà. Àmínát, ìyá rẹ̀, wò ó títí.

"Ṣé ilẹ̀ ilé yìí ń jó ẹ lẹ́sẹ̀ ni? Lọ bá a, jàre."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kennington. Ó bá géètì ní títì. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró síta, wọ́n ń mu tíì. Roqeeb nìkan jókòó sétí títì.

"Mo dá wọn dúró," ó ní. "Ọ̀gá ti yọ mí kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí ló dé tí o ò dá mi lóhùn?"

"Ojú ń tì mí. O tọ̀nà, mo sì pa fóònù mọ́ ẹ létí."

Kí Nímọ́tà tó fèsì, ìró kan dún gììrì. Ògiri kòtò kékeré tí wọ́n fi dán ilẹ̀ náà wò ti ya lulẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ kí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nímọ́tà gbá ọwọ́ Roqeeb mú, kò sì rántí pé àwọn èèyàn ń wò wọ́n.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀gá pe Roqeeb padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ agbádá, ó wá kí Alhaji Làtíìfù, bàbá Nímọ́tà.

"Kí lo rí lára ọmọ mi?" Alhaji bi í.

"Ó sọ òótọ́ fún mi nígbà tí mi ò fẹ́ gbọ́ ọ, sà."

Alhaji bojú wo ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bí ìyá ẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó máa rẹ̀ ẹ́ o!"

"Kó máa rẹ̀ mí lọ, sà. Òun náà ni mo fẹ́."

Nímọ́tà, tó ti ń rìn síwá sẹ́yìn nínú kíṣìnì, gbọ́ ọ. Ó gbé ife omi, ó jáde sí wọn, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Roqeeb, ó gbé omi náà fún un.

"Gbà, mu," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn, mo ti gbọ́, mo sì gbà."